Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ni sééfù wa ní, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ password: ṣé ìwádìí ṣì kù nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, ó gùn díẹ̀.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́ níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ 612 ni wá. Mo tún ń kàwé fún oyè kejì ní yunifásítì, lórí bí ilé iṣẹ́ ṣe ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Sééfù tí a ń kówó sí, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ààrẹ, ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹnì kan nínú wa ò bá sí níkàlẹ̀, sééfù ò ní ṣí. Bí àwọn tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ṣe ṣe é nìyẹn, a ò sì yí i padà rí. Ṣùgbọ́n láti 2021 tí a ti kó ìṣirò wa sórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan péré ló mọ password rẹ̀, ìyẹn ọmọkùnrin tó bá wa ṣe sọ́fítíwià náà. Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. Nínú oṣù Kẹta tó kọjá ló gba Kánádà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìyàwó awakọ̀ wa kan tó di olóògbé wá gba owó ọkọ rẹ̀. Nylon dúdú ló fi wé ìwé ìfowópamọ́ náà, ó wé e lẹ́ẹ̀mejì. Ó tú u, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tẹ́ ẹ dáadáa sórí tábìlì mi. Lójú ewé tó kẹ́yìn, òǹtẹ̀ pupa ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, ọwọ́ tí mo fi buwọ́ lù ú náà wà níbẹ̀: ₦418,000. Mo ṣí kọ̀ǹpútà, ó ní ₦381,000. Mo pa á, mo tún un ṣí. ₦381,000 náà ni. Ìyá yẹn ò mọ̀wé kà, ojú mi ló ń wò. Ó ní, "Àǹtí akọ̀wé, ṣé ó pé?" Mi ò rí èsì fún un. Mo ní kó padà wá.

Mo kọ̀wé sí ọmọkùnrin yẹn lórí WhatsApp. Ó dáhùn lóru, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní lọ́dún 2022, ààrẹ pe òun lórí fóònù pé kí òun yí bí a ṣe ń ṣírò èlé ẹ̀yáwó padà, kí èlé máa dá lórí gbogbo owó téèyàn yá, kó má dá lórí gbèsè tó ṣẹ́ kù mọ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ló yí i. Èmi ò gbọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ni mo ṣì ń fọwọ́ kọ sínú ìwé àwọn èèyàn lóṣooṣù, òun ló jẹ́ kí iye inú ìwé awakọ̀ yẹn, tó yáwó lọ́wọ́ wa, yàtọ̀ sí ti kọ̀ǹpútà.

Mo lọ bá ààrẹ. Bàbá náà kì í ṣe olè, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn níbikíbi. Ó ronú títí, ó ní òun ò rántí pé òun pe ẹnikẹ́ni. Mo wá tú ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wa láti 2021 dé òní. Èmi fúnra mi ni mo kọ gbogbo rẹ̀. Ojú ewé mẹ́ta ni mo fi kọ àríyànjiyàn lórí iye àga tí a máa yá fún ìpàdé ọdọọdún. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni sọ́fítíwià jẹ yọ níbẹ̀, lọ́jọ́ tí a fọwọ́ sí owó tí a fi rà á. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí kálàmù wà lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni ìgbìmọ̀ máa jókòó. Kí ni kí n gbé síwájú wọn? Ìkejì ni pé ọ̀gá tó ń darí iṣẹ́ ìwádìí mi ní kí n wá nǹkan mìíràn kọ lé lórí, pé àwọn ìlànà àgbáyé lórí ìṣàkóso kọ̀ǹpútà bíi COBIT àti ISO/IEC 38500 ti wà, wọ́n ti kọ ọ́ tán. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ọ́dítọ̀ Kọ̀ǹpútà (Èkó)

Àǹtí wa, ẹ kú wàhálà. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi yẹ kọ̀ǹpútà àwọn bánkì wò kí n tó dá dúró, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì yín yẹn ni ìṣàkóso kọ̀ǹpútà gan-an. Weill àti Ross, àwọn olùwádìí ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan jáde ní 2004 lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ilé iṣẹ́ tó lé ní 250. Wọn ò wo irú ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ rà. Ẹni tó láṣẹ láti pinnu àti ẹni tí yóò dáhùn fún ìpinnu náà ni wọ́n ń wá. Wọ́n rí ibi tí àwọn olórí nìkan ti ń pinnu, wọ́n rí ibi tí àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan ti ń pinnu, wọ́n sì rí ibi tí oníkálukú ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Lọ́dọ̀ tiyín, ààrẹ fi fóònù pinnu, ọmọkùnrin fọwọ́ ṣe é, opó awakọ̀ ló wá ń ru ẹrù rẹ̀.

Ní ti COBIT, ISACA, ẹgbẹ́ àwọn ọ́dítọ̀ kọ̀ǹpútà, ló gbé e jáde ní 1996 fún àwa ọ́dítọ̀. COBIT 2019 ní ohun 40 tí ilé iṣẹ́ ní láti mójú tó. Ẹ má kó gbogbo ìyẹn wọ ìpàdé alájẹṣẹ́kù o, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ dé ìkẹta. Ti ìyípadà nìkan ni kí ẹ mú: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí a yí nǹkan kan padà nínú sọ́fítíwià yóò kọ ọ́ sínú ìwé, ìgbìmọ̀ yóò fọwọ́ sí i, ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹni tó yí i yóò dán an wò, ẹ̀yin yóò sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ní ti password, ẹ gbà á lọ́wọ́ ọmọ yẹn kí ó tó gbàgbé, ẹ yí i padà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ fi sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa. Kí ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lu ojú ibi tí ẹ lẹ̀ pa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sínú sééfù oníkọ́kọ́rọ́ mẹ́ta yẹn. Ẹ ti ní ohun tó dáa nílé tẹ́lẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ ò mẹ́nu bà, òun ló sì ń kọ mí lóminú jù. Kì í ṣe ìyá yẹn nìkan. Gbogbo ẹni tó yáwó láti 2022 ni èlé tuntun yẹn ti bá. Ẹ ní láti tún gbogbo rẹ̀ ṣírò.

Bàbá Akápò (Abẹ́òkúta)

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ṣe akápò alájẹṣẹ́kù. Ẹ dá lẹ́jà padà. Ìwé ọwọ́ ló gba ìyá yẹn là, kọ̀ǹpútà kọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham

Bàbá, ẹ ṣeun, ìwé ọwọ́ gbà á là lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi tí mò ń gbé, torí àwọn mìíràn ò rí ẹni tó gba ìwé wọn gbọ́.

Láti 1999 ni Post Office ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi sọ́fítíwià kan tó ń jẹ́ Horizon sí àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ àdúgbò. Fujitsu, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan láti Japan, ló ṣe é. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹni tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ náà á ka owó rẹ̀, kọ̀ǹpútà á ní owó ò pé. Wọ́n á ní kó fi owó ara rẹ̀ dí i. Àwọn èèyàn ta ilé, wọ́n yáwó lọ́wọ́ ìyá àti bàbá wọn. Ó lé ní 900 èèyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi nítorí ohun tí kọ̀ǹpútà yẹn sọ, àwọn kan nínú wọn ṣẹ̀wọ̀n. Òfin ibí yìí gbà láti 1999 pé kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ, àfi bí ẹnì kan bá rí ohun tó ta kò ó mú wá. Báwo ni ìyá arúgbó tó ń ta sítáǹpù ṣe máa rí ìyẹn? Post Office ń tẹnu mọ́ ọn pé kò sẹ́ni tó lè ti ibòmíràn wọnú ìṣirò wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ Fujitsu lè wọ̀ ọ́. Oṣù Kejìlá 2019 ni ilé ẹjọ́ gíga tó sọ ọ́ gbangba pé àléébù wà nínú Horizon. Ó di 2024 kí wọ́n tó ṣòfin láti fagi lé ẹ̀bi ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ilé iṣẹ́ ńlá ni, ó ní ìgbìmọ̀ olùdarí, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní ọ́dítọ̀. Èmi gbà pé ohun tó sọnù níbẹ̀ ni ẹni tó máa jókòó sí ìgbìmọ̀ kó ní, "Ó mà ti pọ̀ jù o, àbí ẹ̀rọ wa ló ń purọ́?" Àǹtí, ìyẹn ni kí ẹ bi wọ́n lọ́jọ́bọ̀.

Olùkọ́ Òṣogbo

Mo máa dá Akọ̀wé lóhùn lórí ìkejì, torí iṣẹ́ mi nìyẹn. Ọ̀gá yín kò parọ́, wọ́n ti kọ púpọ̀. Ilẹ̀ Ọsirélíà ṣe ìlànà tirẹ̀ ní 2005, inú rẹ̀ ni ISO/IEC 38500 ti jáde ní 2008, tó sọ iṣẹ́ mẹ́ta fún ìgbìmọ̀ olùdarí: kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò, kí wọ́n darí rẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. South Africa náà fi í sínú King III, ìlànà wọn lórí ìdarí ilé iṣẹ́, ní 2009, pé ọrùn ìgbìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà wà. Ṣùgbọ́n àwọn ìwádìí tí mo ń kà, bánkì ni, ilé iṣẹ́ ìjọba ni, ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni. Ta ló bá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje jókòó, tí wọn ò ní oníkọ̀ǹpútà kankan, tí owó ẹgbẹ̀ta èèyàn sì wà lọ́wọ́ wọn?

Van Grembergen àti De Haes, àwọn olùwádìí ní Antwerp nílẹ̀ Belgium, pín ọ̀nà ìṣàkóso yìí sí mẹ́ta: àwọn ìgbìmọ̀ àti ipò, ìlànà iṣẹ́, àti àjọṣe àárín àwọn èèyàn. Ẹ dúró lórí ìkẹta yẹn. Ọmọkùnrin yín gbọ́ ohùn ààrẹ lórí fóònù, bóyá ó tilẹ̀ wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ tó ń kí i. Ṣé ó lè ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé ìgbìmọ̀ mọ̀ sí i?" Bó ṣe rí lára ọmọ tí a bí nílé Yorùbá láti bi àgbà ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, àwọn ará Antwerp ò lè bá wa kọ ọ́. Iṣẹ́ tí ẹ lè fi gboyè nìyẹn. Ẹ wá bí àwọn ẹgbẹ́ kan ṣe rọ́gbọ́n dá sí i, torí àwọn kan máa ti rí i dá.

Ẹ sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yẹn láìmọ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ẹ tú yẹn, ọ̀nà ìwádìí nìyẹn. Ẹ mú ẹgbẹ́ mẹ́fà tàbí méje, ẹ ka ìpàdé ọdún márùn-ún, ẹ wo ìgbà tí kọ̀ǹpútà jẹ yọ, ẹni tó mẹ́nu bà á, àti ohun tí wọ́n pinnu. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá bá ààrẹ, akápò àti oníkọ̀ǹpútà wọn sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Láti 1935 ni òfin alájẹṣẹ́kù ti wà nílẹ̀ yìí, nítorí náà ẹgbẹ́ tó ní ìwé pọ̀.

Ẹ fi òfin ààbò dátà 2023 kún un. Bí dátà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́nà tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, wákàtí 72 ni òfin fún yín láti fi tó àjọ tó ń rí sí i létí. Ẹ bi àwọn ààrẹ bóyá wọ́n ti gbọ́ nípa rẹ̀ rí.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù (Ìbàdàn)

Gbogbo yín, ẹ ṣé, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín.

A jókòó lọ́jọ́bọ̀. Mo ka ìtàn Peckham fún wọn, mo sì gbé ìwé ìyá yẹn sáàárín tábìlì, pẹ̀lú nylon rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Akápò ní ká gbé ẹjọ́ lọ bá ọmọ tó wà ní Kánádà. Ààrẹ ló dá a dúró. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí òun ṣe máa pè é: pé láti òní lọ, bí òun bá dá pe ẹnikẹ́ni lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, kí onítọ̀hún kọ̀ fún òun. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Olùkọ́, mo rò pé ohun tí ẹ ní kí n lọ wá nìyẹn, ó ti wá bá mi nílé.

Àpòòwé ti wà nínú sééfù. Bàbá Akápò, a ò jáwọ́ nínú ìwé ọwọ́, a ó máa fi í wé ti kọ̀ǹpútà lóṣooṣù. Ìyá yẹn gba ₦418,000 rẹ̀ pé. Àwọn tó yáwó láti 2022 jẹ́ 143. Mo ti tún ti èèyàn 38 ṣírò, gbogbo wọn pátá la jẹ lówó. Ti ẹni tó kéré jù jẹ́ ₦2,150.

Ọ̀gá mi náà ti gbà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: ẹgbẹ́ mélòó ló máa gbà kí n ka ìwé ìpàdé wọn? Títí di báyìí, méjì ni mo rí, tiwa sì ni ọ̀kan. Ẹ̀yin akọ̀wé alájẹṣẹ́kù tí ẹ wà níbí, n'Íbàdàn, l'Ọ́yọ̀ọ́, tàbí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ kankan, mi ò sì ní gbé ìwé yín kúrò lórí tábìlì yín. Níbẹ̀ ni màá jókòó sí tí màá ti kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.