Re: "Ìkópá olùkọ́": ta ló gbé àmì òkè lé "ipa" lórí?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ti fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tí ẹ̀gbọ́n wa wá sọ pé "àmì lásán ni, ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á mọ ohun tí mò ń wí", mo ní rárá o, èyí ò ṣeé gbé mì.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa ń tú ìwé kan tó dá lórí bí olùkọ́ ṣe ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé àti ohun tí àdéhùn iṣẹ́ wọn sọ nípa ẹ̀, wọ́n wá kó ọ̀rọ̀ mẹ́ta síwájú wa pé ká bá àwọn wò ó. "Ìkópá olùkọ́", "ìgbìmọ̀ aláṣẹ ilé-ìwé", àti "ìwé ìgbanisíṣẹ́" fún àdéhùn tí ẹgbẹ́ olùkọ́ bá agbanisíṣẹ́ ṣe. Àwọn kan ti pàtẹ́wọ́. Àbúrò wa kan tiẹ̀ ti ní òun máa fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì òun. Ẹ dúró ná.

Ti "ìkópá" yẹn ni kí n kọ́kọ́ mú. Ipa lọ̀tọ̀, ipá lọ̀tọ̀, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n nínú wa, ẹ̀gbọ́n wa fúnra wọn mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ipa la fi ń sọ pé lágbájá kó ipa nínú nǹkan. Ipá ni tipátipá, ni ìfipámúni. Ẹ fi dò-rè-mí wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ wa: ìkópa, dò mí re. Ìkópá, dò mí mí. Ẹ pè é sókè níbi tẹ́ ẹ jókòó sí, ẹ ò ní nílò àlàyé mi.

Wọ́n wá dáhùn pé ipá náà dáa, ṣebí a máa ń sọ pé "mo sa gbogbo ipá mi", agbára ni, olùkọ́ tó lágbára nínú ìgbìmọ̀ làwọn ń sọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, sísa là ń sa ipá, a kì í kó o. Ẹni tó bá kó ipá wọ mítíìnì, ìjà ló bá wá.

Tó bá jẹ́ ewì lẹ̀ ń kọ, mi ò bá má wí nǹkan kan. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́ nìyí, ibi tí gbogbo wàhálà sì wà gan-an ni pé ṣé olùkọ́ ló yọ̀ǹda ara ẹ̀ àbí wọ́n fi dandan mú un. Ẹ wo England. Láti 1987 ni wọ́n ti kọ iye wákàtí tí ọ̀gá ilé-ìwé lè fi darí olùkọ́ lọ́dún sílẹ̀ fún àwọn ilé-ìwé ìjọba, wákàtí 1,265 ni, tí wọ́n pín sí ọjọ́ 195, kíláàsì wà nínú ẹ̀, mítíìnì àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú ẹ̀, tí ọ̀gá bá ní kó o wá o gbọ́dọ̀ wá. Ìyẹn ni ipá, ẹ fi àmì òkè sí i bó ṣe wù yín. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tó ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé níbẹ̀, ìbò ni wọ́n fi ń yàn án, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló sì ń dìbò ọ̀hún. Ọ̀tọ̀ ni wíwá tìyẹn, ọ̀tọ̀ ni wíwá ti ẹni tí ọ̀gá pè. Tí ẹ bá wá kọ "ìkópá" fún méjèèjì, ẹ ti fi àmì kékeré kan da ohun tí àwọn èèyàn fi ọdún gbọọrọ jà sí rú.

Ontario ní Kánádà náà bẹ́ẹ̀. Ìlànà 612 ti ọdún 2000 ló ń darí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé níbẹ̀. Olùkọ́ kan ló ní kó wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́ tó kù ló máa dìbò yàn án, ọ̀gá ilé-ìwé àti igbákejì ẹ̀ ò lè gba àyè yẹn mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn òbí ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù. Ọ̀gá ilé-ìwé náà máa ń jókòó, àmọ́ kò ní ìbò. (Mo fẹ́ràn èyí gan-an, kí ọ̀gá jókòó kó máa gbọ́.)

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ kan "aláṣẹ" lára. Ìgbìmọ̀ Ontario yẹn, àṣẹ wo ló ń pa? Ìmọ̀ràn ló ń fún ọ̀gá ilé-ìwé àti bọ́ọ̀dù tó ń darí àwọn ilé-ìwé agbègbè, ohun tí òfin ní káwọn náà ṣe ni pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìyẹn ò jọ aláṣẹ lójú tèmi. Ẹ wá kọjá sí Chicago ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ yí padà. Òfin 1988 ni wọ́n fi dá ìgbìmọ̀ tiwọn sílẹ̀, nígbà yẹn òbí mẹ́fà, ará àdúgbò méjì, olùkọ́ méjì, pẹ̀lú ọ̀gá ilé-ìwé, ìgbìmọ̀ yẹn ló sì ń yan ọ̀gá ilé-ìwé fúnra ẹ̀, ọdún mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń bá a ṣàdéhùn, wọ́n tún ń fọwọ́ sí ètò ìnáwó. Tó bá jẹ́ ìyẹn lẹ pè ní aláṣẹ, màá ní ẹ ṣeun. Ìpínlẹ̀ Kentucky ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ tún gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ́dún 1990, olùkọ́ mẹ́ta, òbí méjì, ọ̀gá ilé-ìwé kan, ìyẹn ni pé olùkọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ṣé ẹ rí i báyìí pé kò ṣeé ṣe kí ẹ so "aláṣẹ" mọ́ orúkọ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà? Òfin ibi kọ̀ọ̀kan ló ń fún un ní àṣẹ tàbí kó má fún un. Ọ̀rọ̀ "ìgbìmọ̀" nìkan ti tó, ẹni méjì jókòó wọ́n gbìmọ̀, ó tán. Ẹ fi sílẹ̀ ní "ìgbìmọ̀ ilé-ìwé". Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ bí ẹnì kan ṣe ṣe lánàá, ìyẹn ẹgbẹ́ ni, èèyàn ń wọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú.

Àwọn kan ní ká kúkú fi "ìlọ́wọ́sí" rọ́pò ìkópa kí ìjà parí. Ẹ gbà mí o. Ta la máa ń sọ pé ó lọ́wọ́ sí nǹkan? "Wọ́n ní ó lọ́wọ́ sí olè yẹn." Ẹ fẹ́ kọ "ìlọ́wọ́sí olùkọ́ nínú ìgbìmọ̀" kí òbí kà á kó máa wá ọlọ́pàá. Lọ́wọ́ nínú ì bá sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìyẹn di ọ̀rọ̀ orúkọ kẹ́ ẹ wò ó.

Ó ku "ìwé ìgbanisíṣẹ́". Èyí ló dùn mí jù, torí pé ọ̀rọ̀ gidi ni, ó kàn ti ní iṣẹ́ tiẹ̀ lọ́wọ́ ni. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ ni èyí tí wọ́n fi lé ẹ lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ẹ́, orúkọ ẹ ló wà lórí ẹ̀, ìwọ nìkan. Ẹ wo "ni" tó wà láàárín ẹ̀, gba-ni-sí-iṣẹ́, ẹnì kan ń gbà, ẹnì kan ni wọ́n gbà. Èyí tí à ń sọ yìí, ẹgbẹ́ olùkọ́ lápapọ̀ ló jókòó ti agbanisíṣẹ́, wọ́n sọ ọ́, wọ́n jiyàn, wọ́n wá fọwọ́ sí i. Ìmọ̀ràn tí UNESCO (àjọ ètò ẹ̀kọ́ àgbáyé) àti àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé fọwọ́ sí ní 5 Oṣù Kẹwàá 1966 lórí ipò olùkọ́ (òun ló fà á tá a fi ń ṣe Ọjọ́ Olùkọ́ lọ́jọ́ yẹn) sọ ọ́ kedere pé ìdúnàádúrà láàárín ẹgbẹ́ olùkọ́ àti agbanisíṣẹ́ ló yẹ kó máa pinnu owó oṣù àti ipò iṣẹ́. Ìdúnàádúrà. Ọ̀rọ̀ náà ti wà ńlẹ̀, gbogbo ayé ń lò ó. "Àdéhùn ìdúnàádúrà" ni tèmi. Ó gùn, mo mọ̀.

Mo rí ti àbúrò wa tó ní "àdéhùn àjọná", pé àwa méjèèjì la jọ ná an. Ọgbọ́n wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́, àmọ́ ṣé o mọ bí àwọn èèyàn ṣe ń tẹ̀wé lórí fóònù láìfi àmì sí i? Wọ́n á kà á sí àdéhùn ajóná.

Ẹ̀gbọ́n wa ti ní àwọn ti ń túmọ̀ èdè kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Òótọ́ ni, mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, tó o bá ṣi ohùn pè níwájú wọn, wọn ò ní bi ẹ́ léèrè ọmọ ọdún mélòó lo jẹ́, ńṣe ni wọ́n á ní kó o dìde dúró kó o fi dò-rè-mí kọ ọ́ lórin títí tí gbogbo kíláàsì á fi gbọ́. Àwọn àgbà ìgbà yẹn ò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ ò lè gbé ipá fún wọn kẹ́ ẹ ní ipa ni. Wọ́n sì ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà rèé, ẹ̀yin náà ni àgbà, orí "ìkópa" sì ti wọ́, èmi tí mo ní ká gbé e dáadáa lẹ wá ń bá jà.

Ti "lábẹ́ àdéhùn" tí àwọn kan ní Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ Yorùbá, èmi ò gbà, "lábẹ́ òfin" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́, àmọ́ ẹ jẹ́ ká parí èyí ná. Kí ẹ̀gbọ́n wa kọ odidi gbólóhùn kan fún wa látinú ìwé tí wọ́n ń tú, èyí tí "ìkópá" wà nínú ẹ̀, ká wò ó bóyá agbẹjọ́rò ẹgbẹ́ olùkọ́ kankan á fọwọ́ sí i.