Samsung A51: bátìrì ti wú, skrín ti fọ́. Ṣé kí n tún un ṣe àbí kí n fi owó yẹn ra òmíràn?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Samsung A51 ni fóònù náà, SM-A515F ló wà lára rẹ̀. Bátìrì ti wú débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Skrín náà sì ti fọ́: ìlà aláwọ̀ ewé kan dúró gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, àbàwọ́n dúdú bíi tàdáwà sì ń fẹ̀ sí i ní igun kan. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, ó ṣì ń gbọ́.

Ní Ìwó Road, ẹni àkọ́kọ́ pe skrín ní ₦38,000, ẹnì kejì pè é ní ₦62,000, ẹnì kẹta ní ₦105,000. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní "original" ni tòun. Wọ́n pe bátìrì ní ₦9,000 níbì kan, ₦15,000 níbòmíràn. Kí ló fa ìyàtọ̀ tó pọ̀ tó báyìí? Ṣé wọn ò lè pààrọ̀ gíláàsì nìkan? Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ìtẹ̀ka ni mo fi ń ṣí fóònù náà, inú rẹ̀ sì ni áàpù báǹkì mi wà.

Ẹ́ńjínnìà Wálé

Ẹ kú ojúmọ́, mà. Kí á tó dé orí owó, ẹ má ṣáàjì fóònù yẹn mọ́. Ẹ lò ó títí yóò fi wá sí ìsàlẹ̀ 25%, kí ẹ wá pa á. Afẹ́fẹ́ ló kún inú bátìrì tó bá wú. Kẹ́míkà olómi inú bátìrì lithium máa ń di afẹ́fẹ́ bí bátìrì bá ti gbó tàbí bí ooru bá ń pọ̀ jù fún un, bíi kí èèyàn máa ṣáàjì lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí kó gbé fóònù sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án gangan. Bí nǹkan bá gún irú bátìrì bẹ́ẹ̀, iná lè sọ lójijì, èéfín rẹ̀ sì léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí agbára inú rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ kí wọ́n tó tú u, ewu náà á dín kù. Ẹ má sì gbìyànjú láti tẹ ẹ̀yìn fóònù náà kó lè padà wọlé.

Bátìrì lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Ẹ̀yìn skrín gan-an ló jókòó sí, férémù tín-ín-rín nìkan ló là wọ́n láàrin. Bí ẹ bá fi skrín tuntun sórí bátìrì tó ń wú, yóò máa tì í látẹ̀yìn títí á fi là. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe méjèèjì, kó jẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan náà, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa tú fóònù, owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ló sì yẹ kí ẹ san.

Ti gíláàsì, kò ṣe é ṣe fún yín. Pẹ̀lú ìlà aláwọ̀ ewé àti àbàwọ́n tó ń fẹ̀ yẹn, pànẹ́lì fúnra rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gbé àwòrán jáde lábẹ́ gíláàsì, ló ti bàjẹ́. Gíláàsì nìkan ṣe é pààrọ̀ nígbà tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló là, tí àwòrán mọ́ kedere, tí gbogbo ojú rẹ̀ sì ń gbọ́ ìfọwọ́kàn. Wọ́n á gbé e sórí irin gbígbóná tó tó nǹkan bíi 80°C, wọ́n á fi wáyà tín-ín-rín la gọ́ọ̀mù tó wà láàrin gíláàsì àti pànẹ́lì, wọ́n á sì fi OCA, gọ́ọ̀mù tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, lẹ tuntun nínú ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. Pànẹ́lì AMOLED bíi tiyín tín-ín-rín gan-an. Bí wáyà bá yà pẹ́nrẹ́n, ó parí nìyẹn. Nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe é, kó kọ́kọ́ bi oníṣẹ́ pé ta ni yóò san owó pànẹ́lì tó bá kú sí i lọ́wọ́.

Àdùkẹ́ Alápáàtì

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ti owó skrín, mà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Ẹ má bi ọlọ́jà pé ṣé original ni. Ẹ bi í pé: ṣé Incell ni, ṣé OLED ni, ṣé service pack ni, àbí èyí tí wọ́n yọ lára fóònù mìíràn?

Ti ₦38,000, Incell tàbí TFT ló máa jẹ́. LCD ni méjèèjì, iná wà lẹ́yìn wọn. Skrín tó bá A51 wá láti ilé iṣẹ́, Super AMOLED 6.5 íǹṣì ni, oríṣi OLED kan, kò níná lẹ́yìn, ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń tàn. Abẹ́ skrín yẹn ni ohun tó ń ka ìtẹ̀ka yín wà. Ìmọ́lẹ̀ skrín máa ń bọ́ sára ìka, yóò sì padà gba inú skrín wọlé lọ bá a. Ìmọ́lẹ̀ yẹn kò lè gba inú LCD kọjá. Bí ẹ bá ra ti ₦38,000, ẹ gbàgbé ìtẹ̀ka, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ lẹ ó máa tẹ̀. Ó tún nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, etí rẹ̀ á yọ sókè lórí férémù, inú àpò ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Dúdú rẹ̀ kì í dú, àwọ̀ eérú ni. Dark mode, èyí tó ń sọ ojú skrín di dúdú, kò sì ní bá yín tọ́jú bátìrì mọ́, torí iná ẹ̀yìn á máa tàn bó ti wù kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn tó.

Ti ₦62,000 máa jẹ́ OLED tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí oríṣi méjì ló wà fún A51. Àwòrán èyí tí wọ́n ń pè ní small size kéré, etí dúdú rẹ̀ sì fẹ̀. Big size ló súnmọ́ ti ilé iṣẹ́. Ìtẹ̀ka lè ṣiṣẹ́ lórí OLED, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló sì ń gbà á. Kó ṣiṣẹ́ lójú yín kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

₦105,000 yẹ kó jẹ́ service pack: Samsung ló ṣe é, inú páálí ló máa ń wà, pẹ̀lú férémù tuntun, kóòdù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú GH82 sì máa wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí páálí, tí kò sì sí kóòdù, ara òkú fóònù ni wọ́n ti yọ ọ́. Ìyẹn ò burú rárá, èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju OLED ayédèrú lọ, àmọ́ kò yẹ kó gba iye yẹn. Ẹ ṣí àwòrán tó funfun pátá lórí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá òjìji kíbọ́ọ̀dù ti jóná sí i.

Bọ̀dá Fẹ́mi, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣe ìṣirò kan, mà. Ẹ béèrè iye tí A51 tòkunbọ̀ tó dára ń lọ ní ọjà fóònù Queen Cinema. Bí owó àtúnṣe bá ti kọjá ìdajì rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. ₦62,000 pẹ̀lú bátìrì ₦15,000 jẹ́ ₦77,000. ₦105,000 pẹ̀lú bátìrì yẹn jẹ́ ₦120,000. Oṣù Kejìlá 2019 ni wọ́n gbé fóònù yìí jáde, orí Android 13 ni ìmúdójúìwọ̀n ńlá rẹ̀ sì parí sí. Èmi ò ní ná ₦120,000 lé e lórí. Tó bá jẹ́ fọ́tò àti WhatsApp nìkan lẹ fẹ́ yọ, ẹ má ra skrín kankan. Ó ṣì ń gbọ́ ìfọwọ́kàn, ẹ kó wọn jáde lónìí kí àbàwọ́n yẹn tó bo ojú rẹ̀.

Ẹ́ńjínnìà Wálé

Mo fara mọ́ ti Bọ̀dá Fẹ́mi lórí ₦120,000. ₦77,000 ṣì ṣe é gbé yẹ̀ wò, bí ìtẹ̀ka bá ṣiṣẹ́.

Ti bátìrì, kóòdù tiyín ni EB-BA515ABY, 4000 mAh, 3.85 V. Ẹ sọ 4000 di 4, kí ẹ fi 3.85 sọ ọ́ di púpọ̀, 15.4 ni, òun náà ló sì gbọ́dọ̀ wà níwájú Wh (iye agbára tó ń gbà) lára rẹ̀. Bí ẹ bá rí bátìrì tó tóbi bákan náà tí wọ́n kọ 6000 mAh sí lára, irọ́ ni. Àyè tí 6000 máa gbà kò sí nínú fóònù yẹn. Kí oníṣẹ́ fi mítà wọn iná rẹ̀ kó tó fi sínú fóònù. Tuntun máa ń wà láàrin 3.7 V sí 3.9 V. Èyí tó bá ti wá sísàlẹ̀ 3 V ti pẹ́ jù lórí igbá, kò ní lálòpẹ́, bó ti wù kí ike ara rẹ̀ máa dán tó.

Bó ṣe ń tú u, ẹ dúró tì í. Kò gbọ́dọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná sí bátìrì tó ti wú. Ẹ̀yìn A51 ike ni, ó sì ti ṣí tẹ́lẹ̀, káàdì ike tẹ́ẹ́rẹ́ ti tó láti yọ ọ́. Okùn bátìrì ni kó kọ́kọ́ yọ kúrò lórí bọ́ọ̀dù kó tó fọwọ́ kan okùn mìíràn. Lẹ́yìn náà kó kán ọtí isopropyl sí etí bátìrì, kó dúró díẹ̀ kí gọ́ọ̀mù rọ̀, kó wá fi káàdì ike gbé e. Bó bá mú irin tàbí abẹ, ẹ dá a dúró. Okùn tó so bọ́ọ̀dù òkè pọ̀ mọ́ ti ìsàlẹ̀ wà nítòsí ibẹ̀, bó bá gé e, ibi ìṣáàjì kò ní ṣiṣẹ́ mọ́.

Kó so skrín mọ́ bọ́ọ̀dù lásán kó tó fi gọ́ọ̀mù kàn án. Ẹ tẹ *#0*# níbi ìpè kí ojú ìdánwò fóònù lè ṣí. Ẹ wo pupa, ewé àti búlúù bóyá ìlà tàbí ibi tí kò tàn wà níbẹ̀, kí ẹ wá fi ìka fa gbogbo àpótí inú Touch láìfo ọ̀kankan. Ẹ pa ìtẹ̀ka àtijọ́ rẹ́, kí ẹ fi tuntun sí i. Ẹ pe ẹnì kan, kí ẹ gbé fóònù sétí: ó yẹ kí iná skrín rẹ̀ kú.

Ohun tó ń ba skrín tuntun jẹ́ jù ni férémù tó ti tẹ̀ níbi tó ti ṣubú, àti gọ́ọ̀mù àtijọ́ tí wọn ò ha kúrò. Wọ́n á máa ti igun kan sókè, á sì là fúnra rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n á wá ní ẹ̀yin lẹ jókòó lé e. Gọ́ọ̀mù B-7000 tàbí T-7000 ló dára. Kó fi díẹ̀ sí i, torí bó bá pọ̀ jù á ṣàn di ihò ibi tí a ti ń gbọ́ ìpè. Rọ́bà tàbí ohun ìdìmú gbọ́dọ̀ mú un fún wákàtí mélòó kan, àmọ́ ó tó wákàtí 24 sí 48 kí gọ́ọ̀mù tó le tán.

Tósìn

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, iPhone 11 ńkọ́? Bátìrì mi wà ní 74%, skrín náà sì ti là.

Ẹ́ńjínnìà Wálé

Tósìn, ìsàlẹ̀ 80% ni Apple fúnra wọn ti ń ní kí èèyàn pààrọ̀ rẹ̀, nítorí náà ó ti tó àsìkò. Bí wọ́n bá fi bátìrì ọjà sí i, yóò máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ò dá a mọ̀. Kì í dí ìlò lọ́wọ́. Ti skrín ló gba àkíyèsí. Okùn tí etí ìgbọ́pè wà lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò lára skrín àtijọ́ bọ́ sára tuntun. Bó bá ya, Face ID (fífi ojú ṣí fóònù) ti lọ, okùn ọjà lásán kò sì lè dá a padà. Rí i dájú pé wọ́n ṣe àdàkọ ìsọfúnni True Tone (ohun tó ń mú àwọ̀ skrín bá ìmọ́lẹ̀ àyíká mu) láti ara skrín àtijọ́ sí tuntun kí wọ́n tó jù ú nù. Kí súkúrù kọ̀ọ̀kan sì padà síbi tí wọ́n ti tú u gan-an. Wọn ò gùn bákan náà, èyí tó bá gùn jù á dá ihò sí bọ́ọ̀dù.

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ará. Mo ti ń kó fọ́tò jáde báyìí. Áàpù báǹkì ńkọ́? Àti bátìrì tó wú yẹn, ṣé kí n mú un padà wálé ni?

Àdùkẹ́ Alápáàtì

Ẹ jáde nínú áàpù báǹkì kí ẹ tó kúrò nílé, mà, ẹ yọ SIM àti káàdì ìrántí. Ẹ má kọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni. Bó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin lẹ ó bá a ṣí i. Kí ó kọ irú skrín náà sórí rìsíìtì, OLED big size, pẹ̀lú iye ọjọ́ tó fi dúró fún un, kó sì ya owó ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára owó iṣẹ́.

Bátìrì àtijọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún un, kó gbé e sínú agolo tí yanrìn gbígbẹ wà nínú rẹ̀, níta. Ẹ má jẹ́ kó dé inú pàǹtírí.