Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sùn nínú tẹ́ǹtì orí mọ́tò rí, ẹ wá sọ tiyín

Bàbá Dámi, Manchester:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi síwájú. Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, màmá mi sì máa ń sọ pé ẹni tó nílé tó tún lọ ń sùn síta, àfi tó bá jẹ́ ọdẹ. Èmi yìí ni mo wá lọ háyà Hilux ní Windhoek, ní Nàmíbíà, ní July ọdún tó kọjá, tẹ́ǹtì ti wà lórí ẹ̀, wọ́n ká a pa bí àpótí. Apá òsì ni wọ́n ti ń wa mọ́tò níbẹ̀ bíi ti Ìlú Ọba, ìyẹn ò dà mí láàmú, ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí ló dà mí láàmú, wọ́n ní ká má sáré kọjá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, pé òkúta wẹ́wẹ́ yẹn máa ń yí mọ́tò dànù.

Sesriem la kọ́kọ́ sùn sí, létí aṣálẹ̀ Namib. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tá a débẹ̀. Tọkọtaya Jámánì kan ń pa tẹ́ǹtì tiwọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n ń fòkúta gbá ìṣó, ìṣó ń tẹ̀, torí ilẹ̀ yẹn le bíi simẹ́ńtì. Èmi kàn tú bẹ́líìtì, mo fa àkàbà wálẹ̀, ó ṣí gbalaja bí ìwé, fóòmù wà nínú ẹ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì wà nínú ẹ̀, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìyàwó mi tó ti ń kùn láti Windhoek pé "Bàbá Dámi, ṣé orí mọ́tò lẹ máa gbé mi sùn sí lóòótọ́?" òun gan-an ló kọ́kọ́ gùn ún. Obìnrin tó ń bẹ̀rù àkèekèé ju olè lọ! Ó ní òun ò rántí ìgbà tóun sùn fọnfọn báyẹn gbẹ̀yìn.

Nǹkan míì ni pé ẹni tó bá sùn sínú géètì Sesriem, wọ́n máa ń jẹ́ kó wọ aṣálẹ̀ kí oòrùn tó yọ, àwọn tó sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì ìta á ṣì tò sí géètì. Orí Dune 45, òkìtì iyanrìn ńlá kan níbẹ̀, loòrùn bá wa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ìdájí nínú òtútù lẹ máa ká tẹ́ǹtì yẹn, torí mọ́tò yín náà nilé yín, ẹ ò lè filé sílẹ̀ kẹ́ ẹ wa mọ́tò lọ. Ọwọ́ mi kú.

Ní Etosha, igbó ẹranko ìjọba Nàmíbíà, ní káńpù Okaukuejo, ibi omi kan wà tí wọ́n tanná sí lóru, àgbáǹréré dúdú méjì wá mumi níbẹ̀, gbogbo èèyàn dákẹ́ bí ẹni wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọgbà wà láàárín àwa àtàwọn, àmọ́ ajáko ń rìn kiri inú káńpù bí ajá àdúgbò, ọ̀kan gbé bàtà ẹnì kan tó sùn sílẹ̀ lọ. Tèmi wà lókè lọ́dọ̀ mi.

Ibi tó ti le ni ìtọ̀. Mo ti lé ní 50, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń jí lóru. Àkàbà, òkùnkùn, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Háà.

Ìyá Ìbejì, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ ti òjò. Mo ra tèmi ni o. A lọ sí Big Bend, igbó ìjọba kan ní Texas níbí, lẹ́bàá odò Rio Grande, òjò ńlá kan rọ̀ lóru tòun ti ààrá, àwọn tó sùn sílẹ̀, àárọ̀ la rí wọn tí wọ́n ń fún bùláńkẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń fọṣọ. Èmi àtàwọn ọmọ ò mọ̀ ju ariwo òjò lọ. Àmọ́ ẹ má ti gbogbo fèrèsé ẹ̀ pa, abẹ́ fóòmù wa rin gbindin, mo ti jágbe mọ́ Kẹ́hìndé pé ó tọ̀ sílé, àṣé èémí gbogbo wa ló di omi.

Kẹ́ ẹ tó ra, ẹ wo ìwé mọ́tò yín. Ohun tí orí ẹ̀ lè rù tó bá ń rìn yàtọ̀ sí ìgbà tó bá dúró. Tèmi, 75 kílò ni wọ́n kọ fún ìrìn, tẹ́ǹtì nìkan ti jẹ́ 60, irin tó gbé e dúró ńkọ́? Tó bá ti dúró, àwa mẹ́ta ń sùn síbẹ̀ láìsí wàhálà. Ó ń jẹ epo sí i náà. Mo sì gbàgbé pé mọ́tò mi ti ga, mo wà á wọ páàkì abẹ́ ilé níbi iṣẹ́... ẹ má bi mí.

Àbúrò yín, Glasgow:
Atẹ́gùn Skye, erékùṣù kan ní Scotland níbí, lù wá lóru ọjọ́ kan, tẹ́ǹtì ń mì bí ọkọ̀ ojú omi, aago mẹ́ta la sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn sórí síìtì. Ká ní mo kọ ibi tó rẹlẹ̀ lára ẹ̀ sí atẹ́gùn ni, bóyá.

Ọmọ Ṣakí:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ kú ìnáwó. Ní kékeré mi, mo máa ń tẹ̀lé bàbá mi nínú mọ́tò iṣu láti Ṣakí lọ Èkó, tó bá bàjẹ́ lọ́nà, orí ẹrù la máa ń sùn, tapólì lókè, àpò lábẹ́, ejò ò débẹ̀, olè ò sì lè fa iṣu kan láìjí wa. Kò sẹ́ni tó gbowó àgọ́ lọ́wọ́ wa. Ẹ̀gbọ́n Manchester, báwo lẹ ṣe wá yanjú ọ̀rọ̀ ìtọ̀ yẹn?

Bàbá Dámi, Manchester:
Kẹ́ẹ̀gì kékeré, tó ní ìdérí. Ìyàwó mi ò gbọ́dọ̀ rí ibí yìí o.