Ẹ̀kọ́ ìgbà ooru ní Jámánì dùn, ó sì tún kan: ṣé kí n padà lọ fún odidi sáà?

Ìbéèrè
Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí. Kọ́ọ̀sì ọlọ́sẹ̀ mẹ́rin ni mo ṣe nínú ìsinmi tó kọjá: èdè Jámánì láàárọ̀, ìtàn Yúróòpù lọ́sàn-án. Olùkọ́ ìtàn mọ iṣẹ́ dójú àmì, ilé ìkàwé wọn náà ò lẹ́gbẹ́. Ṣùgbọ́n B1 (ìpele kẹta nínú mẹ́fà tí wọ́n fi ń wọn ìmọ̀ èdè, láti A1 dé C2) ni mo wà kí n tó lọ, B1 náà ni ìdánwò tún gbé mi sí. Ẹ̀ka mi kọ̀ láti gba kírẹ́díìtì 6 ti ìtàn. Wọ́n tún ní máàkì mi, 2.0, ti kéré jù. Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ ti Jámánì yẹn ní kí n wá ṣe odidi sáà kan. Ṣé kí n lọ? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Èsì kìíní
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti máàkì kúrò nílẹ̀, torí kò tó nǹkan tí à ń pariwo lé lórí. Ní Jámánì, 1.0 ló ga jù, 4.0 lẹni tó kàn yege, 5.0 ti fìdí rẹmi. 2.0 dára gan-an. Ẹni tó ní ó kéré ń fi òṣùwọ̀n tiwọn wò ó ni. Faransé ń gba máàkì lórí 20, 10 ni ìyege. Ítálì lórí 30, 18 ni ìyege. Ní kí ilé ẹ̀kọ́ ti Jámánì fi àlàyé òṣùwọ̀n náà mọ́ transcript rẹ, ìyẹn ìwé èsì máàkì rẹ. Má fọwọ́ ara rẹ yí máàkì padà sórí fọ́ọ̀mù kankan o. Ẹ̀ka ló ni iṣẹ́ yẹn.

Èsì kejì
Àbúrò, ìwé wo lo fún wọn gan-an?

Olùbéèrè
Ìwé ẹ̀rí pé mo wá sí kíláàsì, tí wọ́n fún gbogbo wa lọ́jọ́ ìparí. Òun nìkan ni mo ní, sà.

Èsì kejì
Ibẹ̀ ló ti wọ́. Ìwé yẹn kì í ṣe transcript. Transcript gbọ́dọ̀ ní orúkọ kọ́ọ̀sì, iye kírẹ́díìtì, máàkì àti déètì, ó sì sàn kí ọ́fíìsì ibẹ̀ fi ránṣẹ́ tààrà sí ọ́fíìsì tiyín. Kọ̀wé sí wọn lọ́sẹ̀ yìí, torí àwọn olùkọ́ ìgbà ooru a máa tú ká tí sáà tuntun bá ti wọlé, wàá sì máa wá ẹni tó máa buwọ́ lùwé kiri. Béèrè fún silábọ́ọ̀sì tó ní iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìwé tí ẹ kà, wákàtí kíláàsì àti ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìdánwò. Fi àròkọ tí wọ́n ti máàkì kún un.

Mọ ìṣirò yìí kó o tó wọlé tọ̀ wọ́n. Kírẹ́díìtì ECTS (òṣùwọ̀n kírẹ́díìtì àwọn yunifásítì Yúróòpù) kan jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, kíláàsì àti ìwé kíkà lápapọ̀. Mẹ́fà jẹ́ 150 sí 180. Tó o bá pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó di wákàtí 37.5 sí 45 lọ́sẹ̀, kíláàsì èdè ò sì tíì sí níbẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ pé ìgbà wo lo ráyè kàwé, wọn ò sì jẹ̀bi. Nítorí náà, tọ́ka sí iye ojú ìwé tí ẹ kà àti gígùn àròkọ rẹ. Bí wọn ò bá gbà á rọ́pò kọ́ọ̀sì pàtàkì, ní kí wọ́n gbà á bíi kọ́ọ̀sì àṣàyàn. Ìyẹn sábà máa ń rọrùn. Ẹni tó bá ń kà á ní Amẹ́ríkà, kírẹ́díìtì 6 yẹn sábà máa ń di 3.

Èsì kẹta
Ti èdè ni tèmi. Kíláàsì 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà ń kọ sínú ìpolówó, àmọ́ ìṣẹ́jú 45 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wákàtí 15 nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, 60. Láti B1 dé B2, nǹkan bíi wákàtí 150 sí 200 pẹ̀lú olùkọ́ ni wọ́n ń ṣírò. O ò tíì dé ìlàjì ọ̀nà, báwo ni ìdánwò ṣe fẹ́ gbé ọ gòkè?

Fetí sí ara rẹ nígbà tó o bá ń sọ̀rọ̀ kíákíá. Ṣé “weil ich müde bin” (torí pé ó rẹ̀ mí) ló ń jáde ni, àbí “weil ich bin müde”? Ẹni tó wà ní B1 mọ̀ pé ìparí ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń lọ lẹ́yìn weil, á sì gbà á lórí ìwé, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ò tíì gbà. Fi ẹnu tún ohun tó o kọ́ lójúmọ́ sọ fún ìṣẹ́jú méjì, gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kó o wá ka àṣìṣe weil nìkan. Má dá gbogbo àṣìṣe pọ̀, wàá sú ara rẹ. Tó o bá sì tún lọ, má gbé ilé tí gbogbo àlejò ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì.

Èsì kẹrin
Èmi ò ní sọ pé kó o lọ báyìí. Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi èdè Jámánì kọ́ sábà máa ń béèrè ju B1 lọ, àyàfi tí ti Gẹ̀ẹ́sì bá wà ní ẹ̀ka rẹ. Físà náà yàtọ̀: físà Schengen, ti ìbẹ̀wò ránpẹ́ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, kò kọjá ọjọ́ 90 nínú 180, ọjọ́ tó o wọlé àti ọjọ́ tó o jáde wà nínú ẹ̀. Odidi sáà ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí náà físà ti orílẹ̀-èdè Jámánì fúnra rẹ̀ ni wàá gbà, kó o tó gbéra. Wọ́n á béèrè ẹ̀rí owó. Láti September 2024, 992 yúrò lóṣù ni wọ́n ń ṣírò fún akẹ́kọ̀ọ́, ìyẹn 11,904 lọ́dún. Ìbánigbófò ìrìn-àjò tó o lò nígbà ooru kì í sábà tó fún fífi orúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì wọn.

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni o. Tí mo bá wá pinnu láti lọ lọ́dún tó ń bọ̀ ńkọ́?

Èsì kejì
Kọ orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan sínú learning agreement (ìwé àdéhùn lórí kọ́ọ̀sì tó o máa ṣe), kó o gba ìfọwọ́sí ẹ̀ka tibẹ̀ àti ti ẹ̀ka tìrẹ, kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá yí kọ́ọ̀sì padà lẹ́yìn tó o débẹ̀, gba ìfọwọ́sí tuntun lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.