pS118 kò jáde lára ER: ṣé àǹtíbọ́dì ni àbí búlọ́ọ̀kù?

Akunsíláìdì: Ẹ kú iṣẹ́ o. Búlọ́ọ̀kù (ẹran tí wọ́n fi ìda dì) jẹjẹrẹ ọmú láti tíátà la ń kùn. ER (purotéènì tó ń gba estrogen nínú sẹ́ẹ̀lì) lásán ń jáde dáadáa, máàkì Allred rẹ̀ jẹ́ 7 sí 8 nínú 8. Tí a bá wá fi àǹtíbọ́dì pS118, èyí tó ń wá phosphate lórí serine 118 ti ER, kùn ún, etí ẹran nìkan ló ń gba àwọ̀, àárín ò ní nǹkan kan. Ṣé ká pààrọ̀ àǹtíbọ́dì ni?

Oníláàbù: Ẹ fi àǹtíbọ́dì sílẹ̀ ná. Tí etí bá gbà tí àárín ò gbà, fọ́málìn (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́) ló pẹ́ kó tó débẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n ti gé ẹran kúrò lára, phosphatase inú sẹ́ẹ̀lì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó ń ká phosphate kúrò lórí ER, ER fúnra rẹ̀ ò sì lọ síbì kan. Ohun tó jẹ́ kí Allred yín dára nìyẹn. ASCO/CAP (ẹgbẹ́ àwọn dókítà jẹjẹrẹ àti ti pathology ní Amẹ́ríkà) ní kí ẹran wọ fọ́málìn 10% láàárín wákàtí 1, kó sì lo wákàtí 6 sí 72 níbẹ̀. Ti phosphate tún ń fẹ́ ìyára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Odindi ọmú tí wọ́n jù sínú ike láì là á, ìyà ló ń jẹ: fọ́málìn ò ju nǹkan bíi mìlímítà 1 lọ ní wákàtí kan. Kí wọ́n là á sí pẹlẹbẹ mìlímítà 5. Tí core biopsy (ẹran tín-ín-rín tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gé) ẹni náà bá wà, òun ni kí ẹ lò.

Bùṣọ́rà: Ẹ yẹ buffer (omi ìfọ síláìdì) wò pẹ̀lú. Phosphate wà nínú PBS, ó wà lára casein inú wàrà. TBS (buffer tí kò ní phosphate) dípò PBS, àti BSA (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ màlúù) dípò wàrà, ni kí ẹ lò. Fún control (síláìdì ìfiwéra), ẹ fún MCF-7 (sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń tọ́jú ní láàbù) tí ò tíì rí estrogen ní estradiol (irú estrogen kan) 10 nM fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ sọ ọ́ di cell block (búlọ́ọ̀kù sẹ́ẹ̀lì). Ẹ da lambda phosphatase, tó ń ká phosphate kúrò, sórí síláìdì kejì. Tí àwọ̀ ò bá parẹ́, nǹkan mìíràn ni àǹtíbọ́dì yín ń dì mọ́.

Akunsíláìdì: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé a lè kọ ọ́ sínú èsì aláìsàn?

Oníláàbù: Rárá o! ER lásán ni wọ́n fi ń yan oògùn: 1% núkílíọ̀sì sókè, a sì ń kọ "ER Low Positive" fún 1 sí 10%. Estrogen ń fa pS118, MAPK (enzyme kan nínú sẹ́ẹ̀lì) náà ń fà á, kò lè dá sọ pé tamoxifen (oògùn tó ń dí ER) ò ní ṣiṣẹ́. S305, ibòmíràn lórí ER tí enzyme PKA àti PAK1 ń fi phosphate sí, ló fara mọ́ ìyẹn jù, síbẹ̀ ìwádìí ṣì ni. Tí àìsàn bá ń gbilẹ̀ lẹ́nu aromatase inhibitor (oògùn tó ń dín estrogen kù), ẹ wá Y537S àti D538G, àyípadà inú jíìnì ER, nínú ẹ̀jẹ̀. Kì í sábà sí nínú búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́. Ìyẹn ní oògùn tirẹ̀, elacestrant, tí FDA Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní January 2023.