Gbígbé àwo orin sórí kọ̀ǹpútà: ṣé 24-bit yìí yàtọ̀ létí lóòótọ́ àbí owó lásán ni?

Ọmọ Òkè-Àdó:
Ẹ kú ilé o. Àwo bàbá mi ló wà nílẹ̀, ó lé ní ogójì, àpàlà Haruna Ishola ló pọ̀ jù, sákárà Yusuf Olatunji díẹ̀, mo fẹ́ gbé e sórí kọ̀ǹpútà kí eruku ilé yìí tó jẹ ẹ́ tán. Bọ̀ọ̀dá kan tó ní sitúdíò lápá Mọ́kọ́lá lóun máa ṣe é, àmọ́ owó méjì ló dá lé e, ọ̀kan 16-bit 44.1kHz bíi ti CD, ìkejì 24-bit 192kHz tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ó gbé méjèèjì sí i fún wa, létí tèmi ìkejì yẹn kún ju àkọ́kọ́ lọ, ìyàwó mi tá a jọ jókòó lóun ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Ṣé kí n sanwó ni àbí kí n gbọ́ ti ìyàwó?

Alátúnṣe Sípíkà:
Ẹ gbọ́ ti ìyàwó jàre 😂 Ṣé vọ́lúùmù méjèèjì dọ́gba ṣá? Torí tí ọ̀kan bá fi díẹ̀ báyìí ròkè ju ìkejì lọ, etí á ní òun gan-an ló dáa, kò sí béèyàn ṣe gbọ́n tó. 44.1 yẹn, ẹ̀rọ ń wọn ohùn náà nígbà 44,100 ní sẹ́kọ́ǹdì kan ni, ìyẹn dẹ̀ lè gbé ohùn tó tín-ín-rín dé bíi 22kHz (ìgbọ̀nrìrì ẹgbẹ̀rún méjìlélógún ní sẹ́kọ́ǹdì kan), etí ọmọ èèyàn ò kọjá nǹkan bí 20 nígbà tá a ṣì kéré, tàgbà tiẹ̀ ń wálẹ̀ ni. Tó bá wá di ti 192, àdán ló kù ká pè wá gbọ́ ọ. Bíìtì ló ń sọ bí àyè tó wà láàárín ohùn tó rọlẹ̀ jù àti èyí tó ròkè jù ṣe tó, 16-bit náà ní àyè bíi 96 decibel (ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ròkè tó), àwo tó ń dún chẹ̀ẹ̀-chẹ̀ẹ̀ yẹn kì í sábà ju 70 lọ. Ẹ fi abọ́ góòlù bu omi Ògùnpa, omi Ògùnpa náà ni.

Bàbá Aláwo-Orin (kì í ṣe babaláwo o):
Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n. Lọ́dún 2016 Joshua Reiss, olùwádìí ohùn ní yunifásítì Queen Mary ní Lọ́ńdọ̀nù, kó ìdánwò 18 jọ, àwọn èèyàn mọ ìyàtọ̀ ohùn CD sí èyí tó jù ú lọ ní bíi 52 nínú 100, àwọn tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ tún ṣe dáa jù bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé 52 ò jìnnà sí kéèyàn máa ta kọ́bọ̀ sókè, àmọ́ kì í ṣe òfo. Ibi tí 24-bit ti wúlò gan-an, ibi tí wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀ ni, ẹni tó ń gbà á ò ní máa bẹ̀rù pé ìlù á ròkè jù kóhùn fọ́, tó bá dẹ̀ fẹ́ yọ ariwo chẹ̀ẹ̀-chẹ̀ẹ̀ yẹn kúrò lẹ́yìn ẹ̀, àyè wà. Ẹ ní kó ṣe 24-bit 96kHz. 192 yẹn, ojú àwo kan tó jẹ́ ogún ìṣẹ́jú á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1.4GB, àwo ogójì olójú méjì ńkọ́?

Ìyá Ẹlẹ́ja Challenge:
Bluetooth náà lẹ máa fi gbọ́ ọ, ó dẹ̀ máa ń fún ohùn pọ̀ kó tó gbé e dé sípíkà. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò mi ń ké láti àárọ̀, ẹ bá mi wọn tiẹ̀ náà.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Mo padà lọ lánàá. Ó mú vọ́lúùmù wọn dọ́gba, mo kọjú sógiri, ìyàwó ń fọwọ́ júwe èyí tó wù ú fún un, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, márùn-ún péré ni mo gbà. Kò tíì jẹ́ n sinmi látàná. A ti fẹnu kò sí 24/96.

Alátúnṣe Sípíkà:
Ó dáa. Ṣé ó ń fọ àwo kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ? Abẹ́rẹ́ ẹ̀ ńkọ́? Abẹ́rẹ́ tó bá ti jẹ máa ń ha ojú àwo, ìyẹn ò dẹ̀ ní bíìtì tó ń wò ó sàn.

Ọmọ Òkè-Àdó:
Yéè, mi ò béèrè o. Àwo méjìlá ti wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Mò ń pè é báyìí.