Ìjánu epo ni mo fara mọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́. Bùrọ̀dá wa tó kọ̀wé lánàá ní ká máa pe rẹ́gúlétọ̀ epo ọkọ̀, ìyẹn ohun tó ń ṣàkóso présọ̀ epo tó ń lọ sí ẹ́ńjìnì, ní "aṣàkóso ìfúnpá epo." Ẹ máà bínú sí mi, ẹnu mi ò gbà á; "ìjánu epo" ni tèmi. Ìfúnpá tí mo mọ̀ nílé wa ni oògùn tí bàbá àgbà mi máa ń so mọ́ apá. Àwọn dókítà yá a fún présọ̀ ẹ̀jẹ̀, ó sì bá a mu, nítorí apá náà ni wọ́n ń fún. Apá wo ni ẹ́ńjìnì ní?

Mo jókòó ti mẹkáníìkì mi ní Ṣàgámù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oníbàárà rẹ̀ kan ti yọ mànífóòlù (ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnì) tó bá mọ́tò wá, ó fi èyí tó gbòòrò jù ú lọ rọ́pò, ó sì ra rẹ́gúlétọ̀ tó ṣeé yí. Ọ̀gá kọ́kọ́ yọ rọ́bà kékeré tó ti ara mànífóòlù wá sára rẹ́gúlétọ̀, ó fi ìṣó dí ẹnu rẹ̀. Ó dẹ nọ́ọ̀tì, ó wá ń yí síkúrúù díẹ̀díẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára géèjì présọ̀ epo: 38, 40, ó dúró lórí 43 psi. Ó de nọ́ọ̀tì padà. Bó ṣe dá rọ́bà sípò, géèjì já wá sí 34. Àyà mi já, ó ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí tí ẹ́ńjìnì bá ń mí jẹ́jẹ́.

Ó ní: "Bí mo bá yí i wọlé, sípíríìngì á le, epo tó ń padà sí táǹkì á dínkù. Bí mo bá yí i síta, púpọ̀ á padà. Tó bá le jù, èéfín dúdú."

Ohun tí ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba ń fi ìjánu ṣe nìyẹn: ó ń fà, ó ń dẹ̀, ẹṣin ò sì dúró. (Òótọ́ ni pé bí ẹlẹ́ṣin bá fà, ẹṣin á rọra, bẹ́ẹ̀ epo ń le sí i ni. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn mú mi, ó rí mi mú.) Ẹ ó ní ìjánu ti di bíréèkì. Nínú ìwé ni o! Ẹ sọ fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Ìjẹ̀bú-Òde pé ìjánu rẹ̀ ò mú, ẹ wo bó ṣe máa wò yín.

Fún présọ̀ gan-an, "ìtì" ni mo mú wá, torí ńṣe ni epo ń ti ara rẹ̀ gba ẹnu nọ́sù tó ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnì. Mẹkáníìkì mi fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Kò fi ìjánu rẹ́rìn-ín ṣá.